Oògùn Ẹnì Kan, Ẹnu Mẹ́rin

Oúnjẹ ni ohun tó kọ́kọ́ rí mi lára ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ á rò pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ òtútù. Òtútù wà, ó sì burú, ṣùgbọ́n òtútù kì í kóni nírìíra. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí wọn, èmi ni mo sì ń gbé oúnjẹ wọn wá tí mo tún ń kó abọ́ lọ. Lọ́jọ́ kìíní tí mo kó abọ́ padà sí ilé ìdáná, ọ̀gá mi ní kí n da gbogbo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Itan adìyẹ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, búrẹ́dì tó ṣì wà nínú ọ̀rá, mílíìkì tí wọn ò tíì ṣí. Mo bi í bóyá mo lè mú búrẹ́dì náà lọ sílé. Ó ní òfin ò gbà á, pé tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo dà á nù. Ní Fìdítì, tí ọsàn bá já lulẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fọ́, a ó fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ sọ nù, a ó sì mu ìyókù.

Lóṣù kejì, bàbá arúgbó kan tó ti yàgbẹ́ sára ní kí n má fi ọwọ́ dúdú mi kan òun. Ìgbẹ́ ti gùn ún dé ẹ̀yìn, ó ń rùn, ó sì ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ mi ló ń rùn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní "sọ́rì, sà," mo sì lọ pe ẹlòmíràn. Bàbá yẹn ti kú, mo sì ti dárí jì í. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Mo máa ń ya fọ́tò nínú yìnyín ránṣẹ́ sí àbúrò mi, Ṣadé, tó jẹ́ tíṣà ní Fìdítì. Ó máa ń fi han àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní mo ti bọ́. Mi ò ya fọ́tò yàrá tí mo ń gbé. Nílé, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé wá bá wa, ó sì máa ń bí mi nínú. Níbí, ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mi àfi ọkùnrin kan tó ṣi ilé, tó gbé oúnjẹ ẹlòmíràn wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò sílẹ̀ kí n tó jáde, kí n lè bá ohùn nínú ilé tí mo bá dé.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo kàwé díẹ̀ kún un, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì ríṣẹ́ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ka tó ń rí sí àìsàn ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Hẹpatáítíìsì C ni wọ́n ń tọ́jú jù níbẹ̀, èyí tí àwa ń pe irú rẹ̀ ní mẹ́dọ̀wú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn: abẹ́rẹ́ tí ènìyàn méjì jọ lò, abẹ tí wọn ò sè, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọgbọ̀n ọdún láìsọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ títí ẹ̀dọ̀ náà á fi le bí igi. Àwọn sójà ló pọ̀ lára wọn, nítorí ibi tí sójà ti ń gba ìtọ́jú kì í fìgbà gbogbo ní òrùlé. Ṣùgbọ́n ó ti ní oògùn báyìí. Hóró kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, tí wọn ò bá ti pa ọjọ́ jẹ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí wọ́n má pa ọjọ́ jẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá ní kí wọ́n gbé ìgò oògùn wọn, kí wọ́n da hóró inú rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n kà á sí mi létí. Tó bá lé, mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ti fò. Tó bá dín, mo mọ̀ pé wọ́n ń lo méjì. Mi ò gba "mò ń lò ó" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni ọlọ́pàá oògùn.

Mísítà Kẹ́lì ló sú mi jù nínú wọn. Ó ti jagun ní ilẹ̀ Éṣíà nígbà èwe rẹ̀, ó ń dá gbé inú ilé pákó kan tí wọ́n gbé ka orí táyà, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu ọmọ garéèjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, nígbà tí mo ní kó ka oògùn rẹ̀ fún mi, ó ní kò sí ohun tó kù láti kà. Ó ní oògùn náà ń fọ́ òun lórí, òun sì ti dà á sílé ìgbọ̀nsẹ̀, òun ti fomi ṣàn án lọ. Oògùn tí wọ́n gbé fún un lọ́fẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwa, mo sì pọ itọ́ kíkan sínú agbada ibẹ̀. Mo rántí itan adìyẹ àti mílíìkì. Mo ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sí ohun rere tí wọn ò lè dà nù.

Dókítà fún un ní òmíràn, ó ní kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni mo ń pè é. Màá ní, "Gbé e sẹ́nu," màá ní, "Mu omi," màá sì dúró títí màá fi gbọ́ tí ọ̀fun rẹ̀ bá dún. Á bú mi kó tó mì í, á tún bú mi lẹ́yìn tó bá mì í tán. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sí àrùn kankan níbẹ̀ mọ́. Mo sáré lọ sọ fún un níbi tó jókòó sí. Ó wò mí, ó ní kọfí ọsibítù wa ò dáa rárá. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja tútù lọ́jọ́ náà, mo sè é lata, mo sì dá gbogbo rẹ̀ jẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ṣadé pè mí ní àkókò tí mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ó ní àwọn elétò ìlera kan wá síbi ìpàdé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Jobele, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n sì rí mẹ́dọ̀wú lára ẹni mẹ́rin. Bàbá wa wà nínú mẹ́rin náà.

Sájẹ́ǹtì ni gbogbo Fìdítì ń pe bàbá mi. Bí wọ́n ṣe ń rìn láti ilé dé oko lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń rìn ní bárékè. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni àrùn yìí ti wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi àwọn ọmọ sójà onísójà bóyá bàbá wọn ti lọ ṣàyẹ̀wò. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n bi bàbá tèmi. Mo ti oúnjẹ mi sẹ́yìn, nítorí ara mi ló wá ń rí mi lára.

Mo pe bàbá mi lọ́jọ́ kejì, mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ti kó o. Wọ́n rò ó fún mi bí ẹni ń ròyìn oko. Nígbà tí wọ́n rán wọn lọ pẹ̀tù sí ìjà ní ilẹ̀ òkèèrè, ibà dá àwọn mẹ́rin dúbúlẹ̀ nínú igbó kan. Òjò ti gé ọ̀nà, kò sí dókítà, kò sí mọ́tò. Sójà ẹgbẹ́ wọn kan tó mọ abẹ́rẹ́ í gún ní oògùn ibà nínú àpò, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó fi gún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì dìde. Ẹni tó gún wọn ti kú tipẹ́. Àwọn mẹ́rin tó gún ni Wọ́ráǹtì, ará Ìlọrà, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, bàbá mi, Kọ́pùrà, ará Ìmínì, àti ọ̀kan tó ń wa ọkọ̀ fún wọn, ará Awẹ́, tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà. Àwọn mẹ́rin yìí náà ni wọ́n rí àrùn lára wọn ní Jobele.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn ìyẹn tún kó mi nírìíra ju ti òyìnbó lọ. Wòlíì kan ní kí bàbá mi wo inú ilé, pé ẹni tó fà á kò jìnnà. Ẹnì kan gbé àgbo ibà apọ́njú wá, wọ́n mu ún títí wọ́n fi ń ṣu gbuuru. Ìyàwó àbúrò wọn, tí a jọ ń gbé inú agboolé kan náà, fi ọ̀dà pupa tó fi ń kun èékánná sàmì sí ìdí kọ́ọ̀bù wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi mumi. Ṣadé ló fi fídíò rẹ̀ hàn mí. Mo pe obìnrin náà, mo sọ fún un pé kọ́ọ̀bù kì í kó o ranni, ṣíbí kì í kó o ranni, pé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ mi ni. Ó ní òun gbọ́. Kọ́ọ̀bù náà wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Mo sáré wá oògùn náà. Mo gba iṣẹ́ àfikún, mo fi ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ wẹ àwọn arúgbó lẹ́ẹ̀kan sí i, títí mo fi rí i rà. Ṣadé lọ gbà á nílé oògùn ọsibítù ní Ìbàdàn: ìgò mẹ́ta, hóró méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn ọ̀sẹ̀ méjìlá pé pérépéré. Mo bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ojoojúmọ́ ni o, ẹ má ṣe pa ọjọ́ kan jẹ. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní mo ṣe bẹbẹ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pè wọ́n. Màá ní ṣé ara le, wọ́n á ní ara le. Màá ní oògùn ńkọ́, wọ́n á ní kò séwu. Mi ò ní kí wọ́n gbé ìgò. Mi ò ní kí wọ́n kà á sí mi létí. Ta ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì odindi, pé kó da oògùn sórí tábìlì kó máa kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Mo mọ iye hóró tó kù nínú ìgò àjèjì méjìlélógójì, mi ò mọ èyí tó kù nínú ti bàbá mi.

Nígbà tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Ṣadé mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Àrùn náà ṣì wà digbí, dókítà sì ní ẹ̀dọ̀ wọn ti ń le. Ṣadé ń sunkún lórí fóònù. Mo ní kó wá ìgò oògùn náà jáde, ó bi bàbá, bàbá ò sì fi bò. Lọ́jọ́ tí oògùn dé gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́ta yòókù. Wọ́n tẹ́ ẹní sí gbàgede, wọ́n da ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n sì pín in sọ́nà mẹ́rin bí wọ́n ṣe máa ń pín oúnjẹ sójà lójú ogun. Mọ́kànlélógún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni oògùn kálukú, ó sì tán.

Mo ní kí Ṣadé gbé fóònù fún wọn.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ pín in?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n pín in. Ṣé kí n wá máa dá a jẹ ni?"

"Oògùn ni, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀wà."

"Abẹ́rẹ́ kan náà ló wọ ara àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló gbà wá, òun náà ló kó bá wa. O wá fẹ́ kí èmi nìkan sàn, kí n máa wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń kú lọ?"

Mo pa fóònù mọ́ wọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò ṣe irú rẹ̀ rí.

Kò tán síbẹ̀. Ṣadé ní wọ́n ti yẹ àwọn mẹ́ta yòókù wò náà, pé ẹ̀jẹ̀ Wọ́ráǹtì mọ́. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé oríire ni. Ṣadé ní inú bàbá ń dùn káàkiri ilé pé ọ̀kan ti bọ́. Mo ronú nípa bàbá àgbàlagbà kan ní Ìlọrà tí mi ò mọ̀ rí, tó ń rìn kiri pẹ̀lú òógùn ojú mi nínú ara rẹ̀, ìbínú sì gbé mi dé góńgó. Mo ń rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹ̀mí tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Ìríra ni wọ́n jẹ́ fún mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Mísítà Kẹ́lì wá fún àyẹ̀wò. Ó rí ojú mi, ó bi mí ohun tó ṣe mí. Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ fún un, bóyá nítorí pé kò sẹ́lòmíràn. Mo rò ó láti orí abẹ́rẹ́ títí dé orí ẹní. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Òmùgọ̀ ni bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ lọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, mo dìde. Mo sọ fún un pé ẹni tó da oògùn sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ò gbọdọ̀ la ẹnu rẹ̀ sọ bàbá mi. Mo sọ ọ́ sókè, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yíjú, ọ̀gá mi sì fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ lọ́jọ́ náà. Kẹ́lì kò bínú. Ó rọra ń wo bàtà rẹ̀ títí wọ́n fi pè é.

Mo jókòó. Mo ti ń bá àwọn ènìyàn ibí lò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń da ohun rere nù. Bàbá tèmi kò da nǹkan kan nù, ó kàn pín in títí kò fi ní ìwúlò mọ́. Èwo ló wá sàn? Mi ò lè fara mọ́ ti ibí, mi ò sì lè fara mọ́ ti ilé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀rọ̀ àwa tí a wà lókè òkun kò kọjá ìyẹn.

Mo tún wá òmíràn rà. Dókítà ní Ìbàdàn yí i padà sí èyí tó le díẹ̀ sí i, ó ní tí èyí náà bá tún bàjẹ́, òun ò ní lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ti le yẹn kò ní dúró dè wá. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni agbára mi ká. Bàbá mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu: bí kò bá ti kárí Kọ́pùrà àti Dẹ́rẹ́bà, àwọn ò ní fi kan ẹnu. Mo gba ààyè ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, mo sì lọ sílé.

Ìbéèrè tí wọ́n fi kí mi káàbọ̀ ní Fìdítì ni "Ìgbà wo lo ń padà?" Mi ò tíì gbé àpò kalẹ̀. Bàbá mi ti gbẹ, ojú wọn pọ́n bí omi ọsàn, inú wọn sì ti ga díẹ̀ lábẹ́ bùbá. Wọ́n bu omi tútù fún mi fúnra wọn. Ọwọ́ wọn ló sún mọ́ kọ́ọ̀bù tiwọn jù, òun ni wọ́n fi bù ú. Mo gbà á, mo rí ọ̀dà pupa ìdí rẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró lójú kan. Èmi tí mo bá ìyàwó àbúrò wọn wí, èmi tí mo mọ̀ dájú. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí n tó mu ún, ṣùgbọ́n bàbá mi ti rí i. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú má baà tì mí. Ìríra tí mo ti ń pín fún gbogbo ayé láti gbogbo ọdún yìí wá, orí èmi alára ló padà sí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, Ṣadé kúnlẹ̀, pásítọ̀ wá, ẹ̀gbọ́n wọn wá. Wọ́n gbọ́ ti gbogbo wa pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì ní àwọn ti sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ lọ sọ fún Wọ́ráǹtì lójú ara rẹ̀ pé ẹ̀mí bàbá mi ló jẹ.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń já ewé fún ewúrẹ́, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tẹ̀súbáà lọ́rùn ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì tú gbogbo ohun tó wà nínú mi sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ náà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti ta ni oògùn yẹn?"

Mo ní ti bàbá mi nìkan ni.

Wọ́n rọra jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí Sájẹ́ǹtì sọ fún àwọn yàtọ̀. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Amẹ́ríkà ló gbọ́ nípa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì fi ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oògùn náà. Wọ́n ní láti ìgbà yẹn, kò sí ìrun tí àwọn kí tí àwọn ò fi orúkọ mi sí àdúrà. Mo ti kórìíra ọkùnrin yìí láti òkè òkun, kò sì mọ nǹkan kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn ní gbàgede. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé. Wọ́ráǹtì dé fìlà sójà wọn àtijọ́. Kọ́pùrà, tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, fi ọ̀pá tilẹ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá mi jáde, wọ́n sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Sájẹ́ǹtì," Wọ́ráǹtì pè wọ́n.

"Sà."

"O parọ́ fún wa."

Bàbá mi na ẹ̀yìn wọn tààrà, pẹ̀lú inú tó wú yẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O jẹ́ kí n jẹ ìpín ẹlòmíràn láìmọ̀. Ní ọjọ́ orí mi." Wọ́ráǹtì na ọwọ́ sí mi, mo sì gbé hóró oògùn kan lé wọn lọ́wọ́. "Gbé e mì."

"Sà, Kọ́pùrà àti Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?"

"Mi ò bi ọ́ léèrè. Àṣẹ ni."

Kọ́pùrà ló bu omi. Bàbá mi gbé oògùn sẹ́nu, wọ́n mu omi, wọ́n sì la ẹnu kí Wọ́ráǹtì lè yẹ abẹ́ ahọ́n wọn wò. Èmi ọmọ tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kúnlẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò. Wọ́ráǹtì pín iṣẹ́ níbẹ̀: lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yóò wá wo Sájẹ́ǹtì bó ṣe ń mì í, títí ìgò á fi tán. Dẹ́rẹ́bà ló gba ọjọ́ ọjà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ Dẹ́rẹ́bà tàbí ẹsẹ̀ Kọ́pùrà, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan.

Mo padà síbi iṣẹ́. Ṣadé ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́: Kọ́pùrà wá lónìí, Wọ́ráǹtì wá lónìí, òjò rọ̀ ṣùgbọ́n Dẹ́rẹ́bà wá. Wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo àwọn tí mo ń pè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí láti ilé pé èsì ti dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi mọ́. Dókítà ní àpá ara ẹ̀dọ̀ kò ní parẹ́, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ ti lọ. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì má baà gbọ́ ẹkún. Bàbá mi ní, "A dúpẹ́," wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní Kọ́pùrà fẹ́ kí mi.

Kọ́pùrà gba fóònù. Ohùn wọn ti fẹ́lẹ́ ju ti ìgbà tí mo rí wọn lọ. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, fún àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Wọ́n ní, "Ọmọ wa, èmi àti Dẹ́rẹ́bà ti jọ sọ ọ́. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ lò ó, èmi náà ní kí òun kọ́kọ́ lò ó. Wọ́ráǹtì ní ọwọ́ rẹ ló wà. Èwo ló kàn nínú àwa méjèèjì?"

Ìwé orúkọ àwọn tí mo fẹ́ pè lọ́jọ́ náà wà níwájú mi, gbogbo wọn pẹ̀lú ìgò tiwọn. Mo ní mi ò gbọ́ wọn dáadáa, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, pé kí wọ́n jẹ́ kí n pè wọ́n padà.

Mo gbọ́ wọn ketekete.